Iná Bíréèkì Tàn Nínú Ọkọ̀ Oníná: Ẹ Má Kàn Bu Ọ́ìlì Sí I Kẹ́ẹ Máa Lọ

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti bá mi. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé lójú ọ̀nà Ẹdẹ nílùú Ilé-Ifẹ̀ ra ọkọ̀ oníná tòkúnbọ̀ kan. (Bí mo bá sọ pé ọkọ̀ oníná, ọkọ̀ tó ń fi iná mọ̀nàmọ́ná inú bátìrì rìn ni mò ń wí o, kì í ṣe ọkọ̀ tó gbiná.) Lọ́jọ́ kan tó ń bọ̀ láti Sábó, bó ṣe dé Lágere báyìí, iná pupa kan tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, òrùka kékeré kan tó ní àmì ìyanu láàárín. Ọkọ̀ náà tún kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ọ́ìlì bíréèkì ti lọ sílẹ̀. Ó pe mẹkáníìkì tó ti ń bá a tún Corolla rẹ̀ ṣe látọjọ́ pípẹ́. Ìyẹn ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ oníná kẹ̀? Èmi ò fọwọ́ kàn án o. Kí iná má baà gbé mi." Ó pe ẹlòmíì. Ẹni yẹn ò tiẹ̀ yọjú síbi tí ọkọ̀ wà. Orí fóònù ló ti sọ̀rọ̀: "Ẹ lọ ra ọ́ìlì bíréèkì, ẹ bù ú sí i, ẹ máa lọ. Kò sí wàhálà kankan ńbẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi ṣe bẹ́ẹ̀. Iná náà kú. Inú rẹ̀ dùn. Lọ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, iná náà tún tàn.

Àwọn mẹkáníìkì méjèèjì ló ṣì í, àmọ́ tí wọ́n bá ní kí n dá ẹjọ́ wọn, màá ní àṣìṣe ẹnì kejì ló burú jù. Ẹni àkọ́kọ́ bẹ̀rù ohun tí kò yẹ kó bẹ̀rù, ìyẹn ò pa ẹnikẹ́ni. Ẹnì kejì ò bẹ̀rù ohun tó yẹ kó bẹ̀rù. Ìmọ̀ràn rẹ̀ yẹn, "bù ú sí i kóo máa lọ", ewu wà nínú rẹ̀ fún ọkọ̀ tó ń lo epo. Fún ọkọ̀ oníná, ewu náà jù bẹ́ẹ̀ lọ, sáyẹ́ǹsì ló sì sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí ọ́ìlì yẹn ń ṣe ná. Tí ẹ bá fẹsẹ̀ tẹ bíréèkì, kì í ṣe agbára ẹsẹ̀ yín ló lọ tààrà dì mọ́ táyà. Ẹsẹ̀ yín ń ti ohun olómi kan nínú páìpù tín-ínrín, ohun olómi náà á wá ti písítìnì inú kálípà, písítìnì á sì fi pádì fún dísìkì mọ́ àárín. Blaise Pascal, ará Faransé tó gbáyé láàárín 1623 sí 1662, ló ṣàlàyé ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́: tí ẹ bá tẹ ohun olómi tí ẹ dé pa sínú nǹkan, ìtẹ̀ náà á dé gbogbo igun ibi tí ohun olómi náà wà, kò ní dín kù. Ẹ lè dán an wò nílé. Ẹ ra sírínjì méjì ní kẹ́míìsì, ẹ fi rọ́bà tín-ínrín so ẹnu wọn pọ̀, ẹ rọ omi kún wọn láìjẹ́ kí afẹ́fẹ́ kankan wọ̀ ọ́. Tẹ ti ọwọ́ ọ̀tún báyìí, ti ọwọ́ òsì á jáde lójú ẹsẹ̀. Ó yá, ẹ wá jẹ́ kí afẹ́fẹ́ díẹ̀ wọ̀ ọ́. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ́ rí i pé ó ń rọ̀ lọ́wọ́ yín, ti ẹ̀gbẹ́ kejì ò sì yára jáde mọ́, torí afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀, omi ò ṣeé fún pọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìtàn bíréèkì tó kọ̀ láti di ọkọ̀ mú nìyẹn, nínú sírínjì méjì.

Ọgbọ́n yìí ti dàgbà. Láti 1921 ni ọkọ̀ Duesenberg ní Amẹ́ríkà ti ń lo bíréèkì olómi lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ẹ rí nínú rẹ̀ ni pé ọkọ̀ oníná ìgbàlódé tó wọ Ifẹ̀ lánàá, bíréèkì tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ọmọ ìyá kan náà ni pẹ̀lú ti Peugeot 504 tí bàbá yín wà nígbà kan. Pádì ni, dísìkì ni, kálípà ni, họ́ọ̀sì ni, ike ọ́ìlì ni.

Kí ló wá yàtọ̀? Ohun tó yàtọ̀ ni bí àwọn nǹkan wọ̀nyí ṣe ń ṣiṣẹ́ tó.

Ọkọ̀ tó wúwo tó 1,500 kg, tó ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan, ní agbára ìsáré tó tó nǹkan bí 580,000 jùùlù nínú ara. Agbára yẹn lè gbé omi tó lé ní lítà kan àti ààbọ̀ kaná títí yóò fi hó. Kí ọkọ̀ tó lè dúró, agbára náà gbọ́dọ̀ lọ síbì kan. Nínú ọkọ̀ onípo, bíréèkì ló ń sọ ọ́ di ooru, a ó wá gbé ooru náà fún afẹ́fẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ìfiṣòfò gbáà ni. Nínú ọkọ̀ oníná, tí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tòtù tàbí tẹ́ ẹ tẹ bíréèkì jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, mọ́tò tó ń yí táyà á di jẹnẹrétọ̀. Táyà ló máa wá máa yí i, á máa dá iná padà sínú bátìrì, ọkọ̀ á sì máa fà sẹ́yìn fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí pádì ọkọ̀ oníná fi ń pẹ́ gan-an kó tó jẹ. Iṣẹ́ tí ì bá ṣe, ẹlòmíì ló ń bá a ṣe é.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ọ̀nà méjì ni ọ́ìlì bíréèkì fi ń dín kù nínú ike. Àkọ́kọ́: bí pádì bá ṣe ń jẹ, písítìnì inú kálípà á máa jáde síta díẹ̀díẹ̀, ọ́ìlì á sì tẹ̀lé e láti lọ dí àyè tó ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọ́ìlì náà ò sọnù, ó kàn ṣí kúrò nínú ike lọ sínú kálípà ni. Ọ̀nà kejì: ó ń jò. Nínú ọkọ̀ onípo tó ti ń na ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn fún ọdún mélòó kan, ti àkọ́kọ́ yẹn wọ́pọ̀ gan-an. Mẹkáníìkì á ní pádì ti jẹ, á pààrọ̀ rẹ̀, á ti písítìnì padà sínú ilé rẹ̀, ọ́ìlì á sì gòkè padà nínú ike láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bu nǹkan kan sí i. (Torí ẹ̀ náà ni bíbu ọ́ìlì kí wọ́n tó pààrọ̀ pádì ò fi dáa. Tí wọ́n bá ti písítìnì padà, ọ́ìlì tẹ́ ẹ bù sí i á kún jáde, ọ̀dà ara ọkọ̀ ni yóò sì kọ́kọ́ jẹ.)

Àmọ́ nínú ọkọ̀ oníná tí pádì rẹ̀ kì í tètè jẹ, tí iná ọ́ìlì bíréèkì bá tàn, kí ló kù tó lè fà á? Ẹ rò ó wò. Bí ìdí kan bá ti dín kù, ìdí kejì ló ń pọ̀ sí i. Iná kan náà, àmì kan náà, ìtumọ̀ rẹ̀ ò rí bákan náà mọ́. Nínú Corolla ó lè máa sọ pé "pádì mi ti ń tán". Nínú ọkọ̀ oníná, àfi kẹ́ẹ kọ́kọ́ gbà pé "mò ń jò" ló ń wí, títí ẹnì kan á fi wò ó tí yóò sì fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Bíbu ọ́ìlì sí ohun tó ń jò láìwá ibi tó ti ń jò, fífi ète sílẹ̀ pa làpálàpá ni. Iná á kú, ihò á wà níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa sọ pé, "Ṣebí ọkọ̀ oníná ń fi mọ́tò fa ara ẹ̀ sẹ́yìn, kí la tún fẹ́ fi bíréèkì olómi ṣe?" Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó kàwé dáadáa. Ẹ má gbà á gbọ́. Fífà sẹ́yìn ti mọ́tò dáa fún ìdẹ́kun jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, àmọ́ tí ọmọdé bá já sójú títì ní Máyfíà, bíréèkì olómi ló máa gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ olówó ọkọ̀ oníná ò mọ̀: bátìrì tó kún dẹ́nu ò láyè láti gba iná mọ́. Tí ẹ bá gba iná sí ọkọ̀ yín mọ́jú títí tó fi kún bámúbámú, tẹ́ ẹ wá bọ́ sórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ láàárọ̀, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ á dín fífà sẹ́yìn yẹn kù tàbí kó má ṣe é rárá. Bíréèkì olómi ló kù. Ẹni tó ń gbé lápá Òkè Ìtasẹ̀ á mọ ohun tí mò ń wí. Tí ẹ bá sì ń lọ Adó-Èkìtì tẹ́ ẹ gba Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, ẹ mọ bí òkè ibẹ̀ ṣe ga. Ìyẹn ò ṣeé fi àdúrà nìkan sọ̀ kalẹ̀.

Ìgbóná orí òkè yẹn gbé wa dé orí ọ́ìlì fúnra rẹ̀. À ń pè é ní ọ́ìlì, mo sì ń pè é bẹ́ẹ̀ látòkè, àmọ́ kì í ṣe ọ́ìlì rárá. Àwọn kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní glycol ether ló pọ̀ jù nínú DOT 3, DOT 4 àti DOT 5.1. Ìdí tó fi yẹ kẹ́ẹ mọ̀ ni pé rọ́bà tó wà nínú bíréèkì, irú ọ̀rẹ́ ohun olómi yẹn ni wọ́n ṣe é fún. Tí ẹ bá bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i, rọ́bà á wú, á rọ̀, gbogbo ẹ̀ á sì bàjẹ́ láti orí másítà dé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo ti gbọ́ pé àwọn awakọ̀ kan máa ń da omi ọṣẹ sí i lójú ọ̀nà. Ẹ gbà mí o! Omi ń hó ní 100°C, ó sì ń dípẹtà.

Omi gan-an ni ọ̀tá ohun olómi yìí. Glycol ether máa ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́, bí iyọ̀ ṣe ń rin nígbà òjò. DOT 3 tuntun ò gbọdọ̀ hó kó tó dé 205°C, DOT 4 tuntun 230°C, DOT 5.1 tuntun 260°C. Àmọ́ tí omi bá ti wọ̀ ọ́ tó ìdá 3.7 nínú ọgọ́rùn-ún, DOT 3 á jábọ́ sí 140°C, DOT 4 sí 155°C, DOT 5.1 sí 180°C. Tó bá wá hó nínú páìpù lórí òkè, oru ló máa di, oru sì ṣeé fún pọ̀. Ẹ rántí sírínjì tó ní afẹ́fẹ́ nínú. Ẹsẹ̀ yín á kan ilẹ̀ ọkọ̀, ọkọ̀ ò ní dúró. Nítorí náà, ìgò tí wọ́n ti ṣí láti oṣù tó kọjá, tó wà lórí tábìlì lẹ́bàá títì tí òjò àti oòrùn ń pa á, ẹ má rà á. Èyí tí wọn ò tíì já ẹnu rẹ̀ ni kẹ́ẹ rà, irú èyí tí wọ́n kọ sára ìdérí ike ọkọ̀ yín. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta DOT 5 fún yín nítorí pé 5 ju 4 lọ. DOT 5 jẹ́ silicone, òun àti àwọn tó kù ò gbọdọ̀ pàdé. DOT 5.1 àti DOT 5, orúkọ ni wọ́n fi jọra. Ẹni tó sọ wọ́n lórúkọ yẹn ò ṣàánú wa.

Ẹni tó ní ọkọ̀ oníná tún máa ń gbàgbé pé ohun olómi yìí ń gbó bí a ò tilẹ̀ lò ó. Pádì lè wà bíi tuntun fún ọdún mẹ́rin, omi á ṣì máa wọ inú ọ́ìlì rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ ló ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ọdún méjì sí mẹ́rin. Dísìkì pẹ̀lú, tí a ò bá lò ó, ìpẹtà ni yóò máa jẹ ẹ́. Ní Jámánì, àwọn TÜV tó máa ń yẹ ọkọ̀ wò ti sọ ọ́ léraléra pé dísìkì bíréèkì wà lára ohun tí wọ́n fi ń dá ọkọ̀ oníná padà. Bíréèkì tó ń sinmi jù náà ń ṣàìsàn.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí iná pupa yẹn, torí ìtàn kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí gbogbo ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé kọ̀ǹpútà mọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, nǹkan tó ń tan iná náà ò le rárá: ohun kan léfòó lórí ọ́ìlì inú ike, òòfà kékeré wà lára rẹ̀, tí ọ́ìlì bá lọ sílẹ̀, òòfà á sún mọ́ súwíìṣì kan, iná á tàn. Nínú ọkọ̀ ìgbàlódé, kọ̀ǹpútà ló ń ka súwíìṣì yẹn kó tó sọ fún yín. Ní oṣù kẹwàá 2023, Tesla pe ọkọ̀ Model X 54,676 padà ní Amẹ́ríkà, àwọn tí wọ́n ṣe láàárín 2021 sí 2023, nítorí pé kọ̀ǹpútà wọn lè ṣàìmọ̀ pé ọ́ìlì bíréèkì ti lọ sílẹ̀, kí iná ìkìlọ̀ má sì tàn. Sọ́fítíwià tuntun tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fi tún un ṣe. Kò tó oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, ní oṣù kejì 2024, wọ́n tún pe ọkọ̀ bíi mílíọ̀nù méjì ó lé padà, nítorí pé lẹ́tà tí wọ́n fi kọ ìkìlọ̀ bíréèkì, ti páàkì àti ti ABS sójú dáṣíbọ́ọ̀dù kéré ju ohun tí òfin Amẹ́ríkà sọ lọ. Àwọn kan fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìkìlọ̀ tí ojú ò rí, kì í ṣe ìkìlọ̀.

Ẹ wá ronú nípa ọkọ̀ oníná tòkúnbọ̀ tó dé Ifẹ̀. Ṣé ó ṣì ń gba sọ́fítíwià tuntun láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é? Ṣé wọ́n pè é padà nígbà kan tí olówó rẹ̀ àtijọ́ ò dáhùn? Ọ̀pọ̀ ìgbà lẹni tó tà á ò mọ̀, ẹni tó rà á ò sì béèrè. Ẹ lè fi nọ́ńbà VIN ọkọ̀ tó bá wá láti Amẹ́ríkà yẹ̀ ẹ́ wò lórí ìkànnì NHTSA, ọ̀fẹ́ ni. Ìṣẹ́jú méjì. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kẹ́ẹ fojú ara yín wo ike náà. Ọ́ìlì gbọ́dọ̀ wà láàárín MIN àti MAX. Kò gba kọ̀ǹpútà.

Ṣíṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì yìí ló ba mẹkáníìkì àkọ́kọ́ lẹ́rù, mi ò sì fẹ́ fi í ṣẹlẹ́yà, torí ìbẹ̀rù rẹ̀ ní ìdí. Bátìrì ńlá tó ń wa ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníná ní nǹkan bí 400 fóòtì, àwọn mìíràn tó 800. Iná ilé wa 230 fóòtì ni, ẹ sì mọ ohun tó ń fi ojú wa rí. Àmọ́ àwọn tó ṣe ọkọ̀ fi àwọ̀ ọsàn kun gbogbo wáyà tí iná ńlá yẹn ń gbà kọjá, kẹ́nikẹ́ni lè mọ̀ ọ́n. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má gé e, ẹ má ṣí ohun tó lọ wọ̀. Ike ọ́ìlì bíréèkì, táyà, pádì, kálípà, họ́ọ̀sì, kò sí èyí tó jẹ́ ti iná ńlá nínú wọn. Mẹkáníìkì tó mọ bíréèkì Corolla mọ èyí tó pọ̀ jù nínú bíréèkì ọkọ̀ oníná.

Ohun tó kù tó yẹ kó kọ́ ò pọ̀, àmọ́ ó ṣe pàtàkì. Abẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ ni bátìrì wà nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, nítorí náà, ibi tí ìwé ọkọ̀ bá sọ nìkan ni kí wọ́n ki jáàkì bọ̀. Fọganáísà tó bá ki jáàkì sábẹ́ bátìrì lè lu ohun tó wọ́n jù nínú gbogbo ọkọ̀ náà. Ìkejì, nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ oníná, mọ́tò kékeré àti kọ̀ǹpútà ló ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ láti tẹ bíréèkì, torí kò sí ẹ́ńjìnnì tó máa fa afẹ́fẹ́ fún bústà. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè nílò ẹ̀rọ tí wọ́n ń so mọ́ ọkọ̀ kí wọ́n tó lè fa afẹ́fẹ́ kúrò nínú bíréèkì dáadáa, tàbí kí wọ́n tó lè ti písítìnì ẹ̀yìn padà níbi tí bíréèkì ọwọ́ bá ti jẹ́ ti oníná. Ẹni tó bá fipá tì í á fọ́ ọ.

Ta ló máa kọ́ wọn? Ibí yìí ni inú ti ń bí mi díẹ̀. Láti ìgbà tí ìrànwọ́ orí epo ti kúrò ní May 29, 2023, kò sí ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ ọkọ̀ oníná. Ní 2019, Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka fi ọkọ̀ oníná tí wọ́n ṣe hàn. Ní 2021, àjọ NADDC ṣí ibùdó tí wọ́n ti ń fi oòrùn gba iná sí ọkọ̀ ní yunifásítì tó wà ní Sókótó. Ó dáa, mo kí wọn. Àmọ́ ṣíṣe ọkọ̀ àti gbígba iná sí i la ń pariwo, a ò sọ ti bó ṣe máa dúró. OAU ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ. PEDI, ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe àwòkọ́ṣe ẹ̀rọ, wà ní Iléṣà, kò jìnnà sí wa. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ mẹ́ta fún àwọn mẹkáníìkì, lédè Yorùbá, lórí wáyà ọsàn, jáàkì àti bíréèkì, kò yẹ kó ju agbára wọn lọ. Iṣẹ́ á wọlé fún àwọn mẹkáníìkì náà. Lójú tèmi, ìyẹn wúlò ju ọkọ̀ oníná kan ṣoṣo tí wọ́n máa gbé síwájú gómìnà kí wọ́n lè ya fọ́tò.

Ká má sì gbàgbé pé ìlú yìí ní ìtàn lórí ọ̀rọ̀ ojú pópó. Nígbà tí Ifẹ̀ ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ń pa akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́. Wọlé Ṣóyínká, tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà náà, kò dákẹ́. Ó ṣáájú nínú dídá ẹgbẹ́ ààbò ojú pópó Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1970, nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sì dá FRSC sílẹ̀ ní 1988, òun ni wọ́n fi ṣe alága àkọ́kọ́. Láti inú yunifásítì yìí ni ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Kí ló dé tí ti ọkọ̀ oníná ò lè jáde láti ibẹ̀?

Tí iná náà bá wá tàn fún yín lójú ọ̀nà ńkọ́? Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá bíréèkì ọwọ́ lẹ gbàgbé, torí nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, iná kan náà ló ń ṣiṣẹ́ fún méjèèjì. Bí kì í bá ṣe ìyẹn, ẹ má sáré mọ́, ẹ má sì já bíréèkì lójijì. Ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tòtù kí mọ́tò máa fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Tí ọkọ̀ yín bá ní B lára jíà, ẹ bọ́ sí i. Ẹ tan iná pajáwìrì, ẹ máa sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì, kẹ́ẹ wá tẹ pẹ́dà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Tó bá le lẹ́sẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, ẹ lè rọra wọ́ ọ dé ibi tó láyè. Tó bá rọ̀, tó ń lọ sílẹ̀ ṣáá, ibi tẹ́ ẹ bá ti dúró yẹn ni ìrìn àjò parí sí, ẹ pe ọkọ̀ tó máa gbé e. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni wọ́n ti ń pín bíréèkì ọkọ̀ sí ọ̀nà méjì, kí ọ̀kan lè ṣì ṣiṣẹ́ tí èkejì bá jò, àmọ́ ààbọ̀ bíréèkì ni, ọkọ̀ á sì rìn jìnnà kó tó dúró. Bí ó bá kọ̀ pátápátá, bíréèkì ọwọ́ oníná nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ á dá ọkọ̀ dúró tẹ́ ẹ bá di bọ́tìnì rẹ̀ mú láìjú u sílẹ̀. Ẹ ka ti ọkọ̀ yín nínú ìwé rẹ̀ lónìí, kì í ṣe lọ́jọ́ náà. Nọ́ńbà FRSC ni 122.

Tẹ́ ẹ bá dúró tán, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo inú táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àti ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ọkọ̀. Omi ẹ̀rọ amúlétutù, omi lásán ni. Ọ́ìlì bíréèkì máa ń yọ̀ lọ́wọ́. Tó bá kàn yín lára, ẹ fi omi púpọ̀ fọ̀ ọ́, ẹ má jẹ́ kó kan ojú.

Ìgbà tí iná tàn lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀gbọ́n mi pe ẹnì kẹta, ọmọkùnrin kan tí kò tíì tún ọkọ̀ oníná ṣe rí láyé rẹ̀. Ó béèrè ibi tí wáyà ọsàn gbà, ó béèrè ibi tó yẹ kó ki jáàkì sí, ẹ̀gbọ́n mi ṣí ìwé ọkọ̀ lórí fóònù fún un. Ó yọ táyà lọ́kọ̀ọ̀kan. Pádì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì nípọn bíi tuntun. Nígbà tó dé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún, inú táyà tutù, ó sì ń yọ̀. Họ́ọ̀sì bíréèkì ibẹ̀ ti sán níbi tó ti tẹ̀ kọrọ, ó ń kán tó, tó, tó tí wọ́n bá tẹ pẹ́dà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni ẹ̀gbọ́n mi ti fi ń gbé àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sílé ìwé pẹ̀lú rẹ̀.